Ojú Kejì Àwo My War: Ẹ Má Pè Wọ́n Ní Ọ̀dàlẹ̀

Òjò ti dé, òtútù Plateau náà ti tẹ̀lé e, ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá, la bá ní ká fi àyè yẹn kọ ohun tó ti wà nínú wa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ orin ni. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe fújì, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Orin àwọn ọmọ òyìnbó Amẹ́ríkà kan báyìí ni, àwọn tó ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ má tíì kọjá lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, ẹ óò rí ibi tó ti kàn wá tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀.

Ní 1991, a ti jáde ìwé mẹ́wàá, a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ọjà Terminus. Ọ̀gá wa ń ta kàsẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tún rédíò ṣe. Ẹni tó bá mọ Terminus kó tó jóná á rántí ọ̀dọ̀ àwa onírédíò. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré! Ṣọ́ọ̀bù yìí ń lu Ebenezer Obey, èyí tó tẹ̀ lé e ń lu Dan Maraya, àwọn ará Igbo tó wà ní òdìkejì ń lu Oliver De Coque. Kọ́sítọ́mà á dúró láàárín, kò ní mọ èyí tí òun ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, kọ́pà kan wá bá wa. Ọmọ Yorùbá ni, ilé ìwé kan lọ́nà Barkin Ladi ni wọ́n gbé e sí. Ó gbé rédíò oníkàsẹ́ẹ̀tì dání, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, rédíò yìí ti ń fà." Ọ̀gá bi í pé ṣé gbogbo kàsẹ́ẹ̀tì ló ń fà ni àbí ẹyọ kan. Ó ní ẹyọ kan ni, èyí tí ẹ̀gbọ́n òun fi ránṣẹ́ sí òun láti Amẹ́ríkà. Ó ní ojú kìíní ń sáré dáadáa, tó bá ti di ojú kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹyọ kan! Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀gá wa ti mọ̀ pé rédíò ò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìyálẹ̀ta ni, a ò tíì ta kọ́bọ̀. Ọ̀gá ní kó gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ ń fi fóònù gbọ́rin ò lè mọ̀. Kàsẹ́ẹ̀tì máa ń fà tí bátìrì bá ti ń kú lọ, tàbí tí bẹ́líìtì inú ẹ̀rọ bá ti dẹ̀. A ki bátìrì tuntun sí i. A fi òwú àti sípírítì nu hẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá tú ìdí rédíò, ó yọ bẹ́líìtì, ó fi òmíràn sí i. A tún ki kàsẹ́ẹ̀tì yẹn bọ̀ ọ́, ó ṣì ń wọ́. A wá yọ ọ́, a ki Àyìnlá Ọmọwúrà bọ̀ ọ́. Àyìnlá ń lọ geere, kò sí wàhálà kankan. A dá ti kọ́pà padà: ojú kìíní ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ojú kejì ń rìn bí ẹni tó ń tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́.

Ọ̀gá wa dákẹ́, ó gbé etí lé e. Ó wá ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí. Tí kàsẹ́ẹ̀tì bá ń fà, ṣebí ohùn á ki ni, ohùn obìnrin á di ti ọkùnrin, ti ọkùnrin á di ti iwin. Ohùn tiẹ̀ ò yí padà. Ohùn tó fi pariwo lójú kìíní náà ló fi ń pariwo lójú kejì. Kò fà rárá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Kọ́pà bínú gan-an. Kì í ṣe àwa ló bínú sí o, àwọn olórin yẹn ni. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ó ní àwọn tí òun gbọ́kàn lé ti lọ ń kọ metal. Ó san náírà 15 owó bẹ́líìtì, ó gbé rédíò rẹ̀, ó fi kàsẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ lórí káńtà wa. Ó ní ká máa lò ó, ká tiẹ̀ ka nǹkan mìíràn lé e lórí tó bá wù wá.

A ò ka nǹkan kan lé e lórí. A máa ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ tí ọ̀gá bá ti lọ sílé.

Orúkọ àwọn olórin náà ni Black Flag. Orúkọ àwo náà ni My War, 1984 ló jáde. Ohun tá a mọ̀ nípa wọn, díẹ̀díẹ̀ la fi kó o jọ, èyí tó pọ̀ jù lẹ́yìn tí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ wa. Ìlú etíkun kan ní California, tó ń jẹ́ Hermosa Beach, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Panic ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. Irú orin wọn ni wọ́n ń pè ní hardcore punk. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ ro orin tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ, gìtá ń sáré, dírọ́ọ̀mù ń sáré, ẹni tó ń kọrin ń jágbe mọ́ ọlọ́pàá, ó ń jágbe mọ́ òbí, ó ń jágbe mọ́ ara rẹ̀ pàápàá. Kò sí ká máa fi gìtá ṣe fáàrí. Kò sí aṣọ dídán. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ ọ máa ń gẹ irun wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á máa forí sọ ara wọn lójú agbo.

Ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Greg Ginn, òun la fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Onírédíò ni! Láti ọmọ ọdún 12 ló ti ń ra ẹ̀rọ rédíò tí àwọn ológun ti lò tì, á tún un ṣe, á ta á, póòsì ló fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé. SST lorúkọ okòwò yẹn. Nígbà tí kò rí ilé iṣẹ́ tó máa bá wọn gbé orin wọn jáde, ó sọ SST yẹn náà di ilé iṣẹ́ àwo orin. Lọ́jọ́ tá a ka ìyẹn, a pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù débi tí aládùúgbò wa fi sá wá wò bóyá iná ló gbé wa.

Torí náà tá a bá ń gbèjà Ginn, ẹ mọ̀ pé ará ìdí iṣẹ́ kan náà ni wá.

Ní 1981 wọ́n gbé àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde, Damaged. Henry Rollins ló ń kọrin níbẹ̀, ọmọkùnrin kan láti Washington tó ti ń ta áísìkirímù kó tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Unicorn ló fẹ́ bá wọn tà á, MCA ló sì yẹ kó bá Unicorn pín in kiri. Ọ̀gá kan ní MCA gbọ́ àwo yẹn, ó ní ó lòdì sí àwọn òbí, àwọn ò pín in. Wàhálà ibẹ̀ ló di ẹjọ́ láàárín Unicorn àti SST. Kóòtù ní kí wọ́n má ṣe gbé àwo kankan jáde lórúkọ Black Flag mọ́. Wọ́n dọ́gbọ́n, wọ́n kó àwọn orin wọn àtijọ́ jọ, wọ́n gbé e jáde láìkọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i. Kóòtù tún mú wọn. Ginn àti Chuck Dukowski, ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀sì, fi ẹ̀wọ̀n ọjọ́ márùn-ún jura. Ìgbà tí Unicorn kógbá sílé ní 1983 ni wọ́n tó bọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá wa rò ó wò. Ọjà wà, kọ́sítọ́mà wà, adájọ́ fi àgádágodo sẹ́nu ilẹ̀kùn yín bí ọdún méjì. Ṣé bẹ́ ẹ ṣe wọlé lẹ máa ṣe jáde?

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ yẹn, wọn ò káwọ́ gbera. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dánrawò. Wọ́n ń gbọ́ Black Sabbath. Wọ́n dá irun sí, irun wọn gùn dé èjìká, àwọn ọmọ tó gẹ irun mọ́lẹ̀ nítorí tiwọn wá ń wò wọ́n bí ẹni rí àjèjì.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa metal yìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé orin èṣù lásán ni. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Black Sabbath ti wá, ìlú àwọn ilé iṣẹ́ irin. Tony Iommi tó ń ta gìtá wọn ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin kan nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òsì ló ń lò, torí náà ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn gìtá. Wọ́n ní ó ti parí. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe fìlà fún ìka méjèèjì, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó yá ó tún ń dẹ okùn náà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Okùn gìtá tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á ki. Ibi tí ohùn yẹn ti wá nìyẹn. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1970. Tí wọ́n bá wá ní orin irin, ẹ má rò pé wọ́n ń pa àṣamọ̀ o, irin gidi ló gé ọmọ ọlọ́mọ níka.

Ó dáa, My War. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà wà lójú kìíní, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ohun tí wọ́n ti ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gìtá ti ń ki díẹ̀. Ojú kejì, mẹ́ta péré, kò sì sí èyí tí kò kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Akwanga wọ Jos á mọ òkè Hawan Kibo. Ẹ ro tírélà tó kún fún iṣu, tó ń fi jíà kìíní gun òkè yẹn lóru, tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àyè láti yà á sílẹ̀. Bí ojú kejì My War ṣe rí nìyẹn. Bill Stevenson á lu dírọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò ti máa dúró de èkejì. Gìtá á máa lọ́, á máa hó. Rollins á máa ké láàárín bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára àwo pé Dale Nixon ló ta bẹ́ẹ̀sì. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀! Dukowski ti kúrò nínú ẹgbẹ́, wọn ò tíì rí ẹlòmíràn, Ginn ló ta gìtá, òun náà ló ta bẹ́ẹ̀sì, ó wá fún ara rẹ̀ lórúkọ kejì. A mọ ọkùnrin kan ní Terminus tó kọ "and Sons" sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí kò tíì gbéyàwó.

Bí kọ́pà wa ṣe bínú ni ọ̀pọ̀ bínú lọ́hùn-ún. Ní San Francisco, ìwé ìròyìn kan wà tí àwọn ọmọ punk ń kà bí ẹni ka Bíbélì, Maximumrocknroll. Ẹni tó ń darí rẹ̀ fi àwo náà ṣẹ̀sín, ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sín Iron Maiden jẹ. Ẹ̀sùn wọn ò ṣòroó lóye: metal ni orin àwọn ọlọ́lá tó ń fi gìtá ṣe fáàrí lórí pèpéle gíga, punk dìde láti sọ pé àwọn ò ṣe irú ẹ̀, ẹni tó wá kó àwọn ọmọ jáde kúrò nínú ilé yẹn ló tún ń padà wọlé.

Èsì tiwa rèé. Àkọ́kọ́, ẹ wo owó. Ọ̀dàlẹ̀ a máa wá ère. Ní àkókò yẹn, metal tó ń tà ní Amẹ́ríkà wà. Àwo Metal Health ti Quiet Riot dé ipò kìíní ní 1983. Van Halen ń tà bí ẹ̀wà gbígbóná. Àwọn yẹn dùn létí, wọ́n kúrú, ó ṣeé jó, rédíò ń gbé e. Ká ní owó ni Ginn ń wá, irú ẹ̀ ni ì bá kó wọ ṣọ́ọ̀bù. Èwo ló kó? Orin ìṣẹ́jú mẹ́fà tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí kọ́sítọ́mà àtijọ́ ò fẹ́, tí kọ́sítọ́mà tuntun ò tíì mọ̀. Oníṣòwò kan ò ní kó irú ọjà yẹn àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà á gbọ́. A ti wà nídìí káńtà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, a mọ ojú ẹni tó ń ta ohun tó gbà gbọ́, a sì mọ ojú ẹni tó ń ta ohun tó ń yá.

Èkejì, ẹ wo bó ṣe to ọjà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tòmátò níbí ní Farin Gada, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: èyí tó pọ́n rẹ́múrẹ́mú á wà lókè, èyí tó ti rà á wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Kọ́pà wa gbà pé irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òun. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú kìíní yẹn, ó tó owó tẹ́ ẹ san, ó tilẹ̀ gùn ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà nígbà yẹn lọ. Kò da èyí tó ń sáré àti èyí tó ń wọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ojú kìíní tán, ẹ lè yọ ọ́, kẹ́ ẹ má ṣe yí i. Ọ̀wọ̀ ló fi bá kọ́sítọ́mà lò. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwa la ni ọjà yẹn, a óò kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ojú kejì ò ní jọ ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́pà ti ní ẹjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́.

A ò ní sọ pé gbogbo ohun tó ṣe ló dáa. Ní 1984 yẹn náà ni wọ́n gbé Family Man jáde, ojú kan rẹ̀ Rollins ń sọ̀rọ̀ lásán, kò sí ìlù, kò sí gìtá. Ojú kejì gìtá ń lọ, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ìyẹn kó bọ́ síta, àwa ò sí níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ya sọ́nà metal nígbà yẹn ló bọ́ sí i. Ẹgbẹ́ D.R.I. ṣe é ní tiwọn, wọ́n tilẹ̀ pe àwo wọn ti 1987 ní Crossover, orúkọ yẹn ló sì wà lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní fún irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Suicidal Tendencies ṣe é, wọ́n rí jẹ níbẹ̀. Discharge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn oní-metal fúnra wọn ń kọ́ṣẹ́ lára wọn, gbé Grave New World jáde ní 1986, olórin wọn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tín-ín-rín ké bí ẹyẹ, ó bá wọn lójú jẹ́ pátápátá. Ìyẹn la lè pè ní ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ. Ginn ò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni. Gìtá rẹ̀ lójú kejì My War, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ti Damaged rí, ẹ óò mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni. Bí ọ̀gá wa ṣe sọ nípa ohùn Rollins ló rí: eré ló dín kù, ohùn ò yí padà.

Irú ìbínú yìí, a tún rí i nídìí káńtà wa. Nígbà tí Wasiu Ayinde gbé Talazo dé ní 1984 yẹn náà, àwọn àgbà kan tó fẹ́ràn fújì tó ń rìn jẹ́jẹ́ ní ariwo ni. Nígbà tá a fi máa wọ iṣẹ́, àwọn àgbà yẹn náà ló ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Tiwọn ni pé ó ń yára jù, ti kọ́pà ni pé ó ń falẹ̀ jù. Ẹ ṣáà rí ọmọ aráyé.

Níbo ni ojú kejì yẹn wá já sí? Ní òkè àríwá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi ti Jos, àwọn ọ̀dọ́ kan gbọ́ ọ, wọn ò bínú. Ẹgbẹ́ Melvins gbọ́ ọ, wọ́n fi falẹ̀ tiwọn ju ti Black Flag lọ. Kurt Cobain ti Nirvana kọ àwo náà sínú ìwé ara rẹ̀, láàárín àwọn tó fẹ́ràn jù láyé. Oṣù kẹsàn-án 1991 ni Nirvana gbé Nevermind jáde tí gbogbo ayé gbọ́. Ọdún tí kọ́pà ń bú Ginn lórí káńtà wa ní Terminus, ọdún yẹn gan-an ni ọmọ tí ojú kejì yẹn bí dìde. Black Flag ti tú ká ní ọdún márùn-ún ṣáájú, 1986. Ginn ò jẹ púpọ̀ nínú ọjà tó gbìn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó kàn wá.

Àwa fúnra wa ò ní irú ọkàn tí Ginn ní. Nígbà tí sídì dé, a rí i pé kàsẹ́ẹ̀tì ń kú lọ. A ti gba òmìnira nígbà náà, a ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́mà wa àtijọ́ ń sọ fún wa pé, "Ẹ má dà bíi ti àwọn yòókù o, kàsẹ́ẹ̀tì la mọ̀ yín mọ́." A fẹ́ràn wọn. A ò fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ọ̀dàlẹ̀. La bá ń kó kàsẹ́ẹ̀tì jọ, páálí lórí páálí, àwọn tó ń pariwo yẹn ò sì rà á, torí àwọn náà ti ra ẹ̀rọ sídì sílé! Nígbà tí Terminus jóná ní oṣù kejì 2002, gbogbo wa sunkún. Àwọn èèyàn ń bá wa kẹ́dùn páálí kàsẹ́ẹ̀tì tó jóná, a ń dáhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé. A ò sọ fún wọn pé ọjà tó ti kú ni iná jó. Kàsẹ́ẹ̀tì kọ́pà wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni ti àwọn ọmọ wa. Ẹgbẹ́ wa níbí dáwó jọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a ra irinṣẹ́ orin fún wọn, a ní kí wọ́n máa bá wa lu jùjú níbi ìpàdé àti òde. Wọ́n ń lù ú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lù. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n lu jùjú fún wa bíi wákàtí kan, inú gbogbo èèyàn dùn, àwọn ìyá wa ń náwó. Ni wọ́n bá yí i. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í bú bíi jẹnẹrétọ̀, ìlù wálẹ̀, ó ń wọ́, gángan tún wà nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn. Ọmọ wa ló ń ta bẹ́ẹ̀sì. Bàbá àgbà kan dìde, ó ní kí wọ́n pa á. Ó ní owó ẹgbẹ́ kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe wèrè, kí wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fún àwọn ọmọ mìíràn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

A wà níbẹ̀. A ò lanu. A ní tá a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní torí pé ọmọ wa wà níbẹ̀ ni. Ọmọ náà wò wá lójú láti orí ìjókòó rẹ̀, a wo ilẹ̀.

Nígbà tá a délé, a ò bá a wí, òun náà ò bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a ní kó wá bá wa wá My War lórí fóònù. Ó yà á lẹ́nu pé a mọ orúkọ yẹn. A gbọ́ ojú kejì látòkè délẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àwa méjèèjì. Kọ́sítọ́mà kan wọlé wá ra ṣájà, ó ní, "Bàbá, sípíkà yín ti bàjẹ́ o." Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìpàdé.

Torí náà, ẹ̀yin àgbà wa ní Jos tẹ́ ẹ óò ka èyí kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ohun tí a ò lè fẹnu sọ lọ́jọ́ yẹn la kọ sílẹ̀ yìí. Bàbá wa tó dìde sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí wa, sà, a mọ̀ pé ìfẹ́ ẹgbẹ́ lẹ fi sọ ọ́. Ẹ má gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n lu wákàtí kan tó jẹ́ tiyín kí wọ́n tó lu tiwọn. Kí wọ́n máa kéde tẹ́lẹ̀ nìkan la fẹ́: pé ó kù díẹ̀ ká yí i sí ojú kejì, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹun lọ jẹun, kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó jókòó. Àwa máa jókòó. Tí ẹgbẹ́ bá sì ní owó tó dá jọ ni ìṣòro, kẹ́ ẹ ṣírò ìpín tó kan wákàtí kejì yẹn, àwa máa san án.

Ó ku ẹyọ kan. Kọ́pà wa yẹn, tó bá wà láyé, á ti lé ní ẹni ọdún 55 báyìí. A ò mọ ibi tó wà, Èkó ni o, òkè òkun ni o. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin kan tó ṣe kọ́pà lọ́nà Barkin Ladi ní 1991, tó ní rédíò oníkàsẹ́ẹ̀tì, tó bínú sí Black Flag, ẹ bá wa sọ fún un pé bẹ́líìtì rẹ̀ ò bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwa gan-an la gbé e sínú àpótí, a sì tà á fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.